Ọ̀dùnkún fún Oúnjẹ Alẹ́ Ilé tí Òbí Ń Pẹ́ Dé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ nípa oúnjẹ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbìn li oko, tí ọ̀pọ̀ mìíràn sì ń kọjá lára rẹ̀ li ọjà láìbojúwò ó. Ọ̀dùnkún ni, èyí tí àwọn ará òkè ń pè ní ànàmọ́. Èrò wa ni pé nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde, kò sí èyí tí ó yẹ fún oúnjẹ alẹ́ ilé òṣìṣẹ́ ní Èkó jù ú lọ. Àti pé kì í ṣe ọ̀dùnkún ni ó ń pẹ́ lórí iná, bí kò ṣe ọ̀nà tí àwa ń gbà sè é.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìlú Festac àti àgbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ilẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé púpọ̀ sí ibẹ̀ fún àjọ̀dún ńlá ti àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì li ọdún 1977, tí àlejò láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ sì wá sí. Nígbà tí àjọ̀dún parí, a fi ìbò pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Láti ìgbà náà wá ni ó ti di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jáde ní kùtùkùtù lọ sí Erékùṣù, sí Apapa àti sí Ìkẹjà, tí wọn kì í sì í padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Mile 2 àti Marina li ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti dín ìyà náà kù fún àwọn tí ọ̀nà wọn gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Òṣòdì sí Apapa ní ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyá tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ li agogo mẹ́jọ alẹ́, tí ọmọ mẹ́ta sì ń retí rẹ̀ nílé, kò ní agbára àti gún iyán, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wákàtí méjì fún ẹ̀wà.

Kí ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń ṣe? A máa gé burẹ́dì fún wọn, tàbí kí ó se oúnjẹ olókùn inú ọ̀rá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní índómì, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ìbáà jẹ́ èyíkéyìí. Àwa kò bá a wí, nítorí ebi ọmọ kì í gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di alẹ́ márùn-ún nínú ọjọ́ méje tí ọmọ kò rí ohun mìíràn jẹ ju ìyẹ̀fun àlìkámà, epo àti iyọ̀ lọ, ó tó kí àgbà sọ̀rọ̀. Òkè òkun sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà náà ti ń wá, nígbà tí àgbẹ̀ wa ní Ọ̀fà ń wá ẹni tí yóò ra ọ̀dùnkún lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹrà.

A kò ní purọ́ fún yín pé ọ̀dùnkún lè yá bí índómì. Èyíinì ń fẹ́ ìṣẹ́jú 3 tàbí 5; ọ̀dùnkún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó jinná ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 12 sí 15, èyí tí kò fi ohun púpọ̀ ju àkókò tí a fi ń lọ ata, tí a fi ń dín in, tí a sì fi ń fọ́ ẹyin sí i lọ. Odidi ọ̀dùnkún tí a jù sínú omi tútù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, ni ó ń gba ìṣẹ́jú 30, 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá sì rọ̀ tán, àbíkẹ́yìn ti sùn lórí àga.

Gbogbo àṣírí náà wà nínú gígé. Láti ẹ̀yìn ni ooru ti ń wọ inú ọ̀dùnkún, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń rìn dé àárín. Bí a bá dín ìnípọn ègé kan kù sí ìdajì, kì í ṣe ìdajì àkókò ni ooru yóò fi dé àárín rẹ̀. A máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà ẹ gé e roboto, kí ègé kọ̀ọ̀kan má nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wọn dọ́gba, nítorí ègé kan ṣoṣo tí ó tóbi ni gbogbo ìkòkò yóò dúró dè. Bí ẹ kò bá sì dúró dè é, òun náà ni yóò bọ́ sí ọwọ́ baba ilé.

Ní ti èèpo rẹ̀, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò ní bíbó o. Ẹ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ dáradára kí iyanrìn lọ, ẹ gé e tèèpotèèpo, ẹ sì sè é bẹ́ẹ̀. Èèpo tín-ínrín tí ó yí ègé kọ̀ọ̀kan ká yóò ṣí fúnra rẹ̀ lórí àwo fún ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́, oore ni ó ṣe fún ìfun ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kí omi ti wà lórí iná. Inú omi tí ó ti ń hó ni kí ẹ da ègé wọ̀nyí sí, kì í ṣe inú omi tútù. Bí ọ̀dùnkún bá pẹ́ nínú omi tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ara rẹ̀ a máa le dípò kí ó rọ̀, àti láti mú un rọ̀ lẹ́yìn èyí a di iṣẹ́. Kí omi náà má pọ̀; bí ó bá sáà ti dé ìdajì ọ̀dùnkún, ó tó, ìyókù yóò jinná nínú ooru omi bí a bá fi ọmọrí dé ìkòkò náà pinpin. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Níhìn-ín ni a ní ẹjọ́ láti bá ọ̀pọ̀ ilé ṣe. Àṣà kan wà, tí a rí níbi gbogbo, pé ẹni tí ó ń kánjú a máa yí iná gáàsì dé òpin, kí ó lè tètè jinná. Ẹ gbọ́: omi tí ó bá ti ń hó ti gbóná dé ibi tí ó lè gbóná dé. Iná ńlá kò lè fi ohunkóhun kún un. Kìkì ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ omi di ooru tí ń fò jáde láti ojú fèrèsé, owó yín sì ń bá a lọ. Ẹ fi iná ńlá mú omi hó, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi kàn máa hó jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọmọrí. Ìṣẹ́jú kan náà ni yóò fi jinná. Ní ayé ìsinsìnyí tí gáàsì ti wọ́n, tí kẹrosíìnì náà kò sì ṣe é rà fún tálákà bí ti àtijọ́, ẹni tí ó ń fi iná ńlá sè ní alẹ́ gbogbo yóò rí ìyàtọ̀ náà kí oṣù tó parí. Ẹni tí ń fi èédú sè kò lè yí iná sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè kó èédú tí ó kéré sí ààrò, nítorí ọ̀dùnkún gígé kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Àsáró ń kọ́? Àsáró ọ̀dùnkún dára púpọ̀, pàápàá li ọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ilé Ọlọ́run dé tí ebi sì ti mú tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kùn pé ó pẹ́ kí ó tó rọ̀, tòmátì ni ó ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun kíkan kì í jẹ́ kí ọ̀dùnkún rọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dùnkún rọ̀ tán nínú omi, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ná, kí ẹ tó da ata àti tòmátì tí ẹ ti dín sínú epo sí i, pẹ̀lú edé tàbí ẹja gbígbẹ. Ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn náà, ó ti tó jẹ. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tí a bá rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i níkẹyìn kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀dùnkún tí a yára sè kì í dùn tó èyí tí a sun nínú eérú gbígbóná. Òtítọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì wà. Ohun kan wà nínú ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ tí ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di adùn nígbà tí ó bá ń gbóná lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ooru bá sì ti pọ̀ jù, agbára ohun náà a kú. Èyí tí ó pẹ́ nínú eérú rí àyè di aládùn. Èyí tí a dà sínú omi híhó kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ kì í ṣe nítorí adùn àpọ̀jù ni ọ̀pọ̀ àwọn baba fi ń kọ̀ ọ́, tí wọ́n ń béèrè iṣu? Ẹ yára sè é fún wọn, ẹ ó sì rí i pé wọn yóò jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata díndín láìráhùn.

A rí ohun mìíràn ní Festac tí kò sí ní abúlé, èyíinì ni fíríìjì. Àwọn kan a máa kó ọ̀dùnkún tútù, tí wọn kò ì tí ì sè, sínú rẹ̀ kí ó má bà á bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ olóoru ni ọ̀dùnkún ti wá. Ará Amẹ́ríkà ni í ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn Potogí ni ó sì gbé e wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Òtútù a máa pa á lára. Èyí tí ó bá pẹ́ nínú òtútù bẹ́ẹ̀ a máa ní àárín líle bí igi, tí kì yóò rọ̀ bí a tilẹ̀ sè é di ọ̀gànjọ́, olúwa rẹ̀ yóò sì máa bú obìnrin tí ó tà á fún un li ọjà Agbójú. Inú apẹ̀rẹ̀, ní ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ni ipò rẹ̀, láìfọ̀ ọ́ títí di ìgbà sísè. Èyí tí a bá ti sè ni fíríìjì wà fún: ẹni tí ó bá sè é ní ìlọ́po méjì ní alẹ́ lè dín ìyókù ní òwúrọ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀ kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé.

Ní ti ìlera, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ọ̀dùnkún tí kòkòrò ti lu, tí ó korò, tàbí tí ó ti hu, májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa. Màlúù tí ó jẹ irú rẹ̀ ti kú rí. Kì í ṣe kí a gé ibi tí ó dúdú sọnù kí a sì sè ìyókù. Bí ó bá korò, ẹ dà á nù, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn yín.

Oore rẹ̀ pọ̀ ju ìkìlọ̀ yìí lọ. Àìtó fítámì A nínú oúnjẹ ni olórí ohun tí ń fọ́ ojú àwọn ọmọdé li ayé nínú àwọn tí a ìbá ti dènà. A máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ọmọ kò ríran dáradára bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì kún fún ohun tí ara ń sọ di fítámì yìí. Nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ni a fi fún Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé li ọdún 2016, pẹ̀lú Howarth Bouis tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó jọ ọ́ lórí àwọn irúgbìn mìíràn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àwọn irúgbìn oníṣu tí ó wà ní Umudike ti fi irú rẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́wọ́, King J li ọdún 2012 àti Mothers' Delight li ọdún 2013. Irú yìí a máa rọ̀, a sì máa ní omi ju funfun lọ; nítorí náà ẹ dín ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kù fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò di ògì nínú ìkòkò. Ara kì í sì í rí ohun inú rẹ̀ gbà láìsí ọ̀rá díẹ̀, nítorí náà ṣíbí epo pupa kan lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Ẹni tí kò bá rí èyí tí ó pọ́n, kí ó jẹ funfun pẹ̀lú epo pupa tí a kò yọ́ di funfun, nítorí pupa epo náà gan-an ni oore rẹ̀, iná ni ó sì ń pa á.

A mọ̀ pé àwọn àgbà wa yóò wí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni ohun dídùn ń fà. A kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe àìsàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tí ìdí fi ń wú tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wí, ìgbẹ́ líle àti ìtiraka lórí rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń dá lẹ́bi, ọ̀dùnkún tèèpotèèpo a sì máa mú ìgbẹ́ rọ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni kí ó ṣọ́ra: kí ó jẹ ìwọ̀nba, kí ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀fọ́ púpọ̀, kí ó sì yan sísè dípò sísun, nítorí èyí tí a sun a máa yára sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ ju èyí tí a sè lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lé ọ̀dùnkún kúrò lórí tábìlì wa kì í ṣe àìsàn. Ìtìjú ni. Ojú oúnjẹ ẹni tí kò rí owó iṣu ni a fi ń wò ó, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò sì jẹ́ gbé e síwájú àlejò. Àlejò kan náà yóò jókòó ní ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá, yóò sì san owó ńlá fún ọ̀dùnkún díndín tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àwo funfun. Àwa kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, apá tiyín nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ìkòkò Èkó kò fẹ́ ọ̀dùnkún tí ó tóbi bí orí ọmọ, tí ó sì kún fún okùn. Èyí tí ó tó ìkúùkù, tí ara rẹ̀ dán, tí kò ní kòtò, ni ó yá láti fọ̀ àti láti gé. Ẹ wà á nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta ààbọ̀ tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi í sínú ilẹ̀ di ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí nígbà tí ilẹ̀ bá là ni kòkòrò ń gba ojú ibẹ̀ wọlé. Ẹ máa kó yẹ̀pẹ̀ bo ìdí ebè. Ẹ fi ọwọ́ mú un jẹ́jẹ́ bí ẹyin, nítorí ojú ọgbẹ́ ọkọ́ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà láti oko yín dé Mile 12 sì jìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Festac, Satellite Town àti àyíká wọn, tí ẹ ní ilẹ̀ iyanrìn díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ọ̀dùnkún fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí omi kò bá ti rọ́gún sí i. Níbi tí omi bá ti ń rọ́gún, inú àpò tí a kó yẹ̀pẹ̀ sí lè gbà á. Ẹ gé orí ìtàkùn tí kò ní kòkòrò, kí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan dín díẹ̀, ẹ sì ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀fọ́. Oúnjẹ ojoojúmọ́ ni fún àwọn ará Sierra Leone àti Liberia, a sì máa jinná kí ọ̀dùnkún inú ìkòkò kejì tó rọ̀. Ẹni tí ó bá ri ìtàkùn rẹ̀ nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ yóò ti máa já ewé jẹ kí oṣù kẹfà tó parí, yóò sì wa ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ.